Ẹni Tó Ra Ọ̀rọ̀ àti Ẹni Tó Jí Orúkọ Kì í Ṣẹgbẹ́

Ọkùnrin kan pè mí láàárọ̀ Mọ́ńdè kan, kò kí mi, kò bi mí bóyá mo jíire, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀ ni "Ṣé ìwọ lo jí orúkọ ilé iṣẹ́ wa?" Mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, orúkọ wo nìyẹn? Ó dárúkọ ẹ̀. Ọ̀rọ̀ Yorùbá lásán ni, orúkọ ohun èlò ìdáná kan tí kò sí ilé tí ẹ ò ti ní bá a, èmi sì ti ra dómèènì ẹ̀, ìyẹn àdírẹ́sì wẹ́bsáìtì tó ń jẹ́ orúkọ yẹn, ní odidi ọdún mẹ́rin ṣáájú kí wọ́n tó dá ilé iṣẹ́ wọn sílẹ̀ rárá. Mo ṣàlàyé títí, ó ní òun ò gbọ́, pé olè ni gbogbo àwa tá à ń ra dómèènì pamọ́, gbájúẹ̀ ni wá, òun á fi ọlọ́pàá gbé mi. Ó sì pa fóònù mọ́ mi létí.

Ó dùn mí gan-an. Kì í ṣe torí èébú o, torí pé mo mọ ibi tí ìbínú yẹn ti wá ni. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí n'Íbàdàn, mò ń ra dómèènì, mò ń tà á, mo sì ń bá àwọn oníṣòwò kéékèèké gba tiwọn padà nígbà tó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì, mo ti rí ohun tí àwọn kan nínú wa ń ṣe, ojú sì ń tì mí. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún ẹni tí kò mọ̀ nípa ẹ̀ rárá.

Dómèènì ni àdírẹ́sì tẹ́ ẹ máa ń tẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé orí wẹ́bsáìtì, èyí tó máa ń parí sí .com tàbí .ng tàbí òmíì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni wọ́n ń fún. Kò sẹ́ni tó máa bi yín pé ṣé ẹ̀yin lẹ ni orúkọ yìí lóòótọ́, ẹ ṣáà san owó ọdún kan, ó di tiyín fún ọdún yẹn, bí ìgbà téèyàn gba ṣọ́ọ̀bù. Kó tó di 1995, ọ̀fẹ́ tiẹ̀ ni .com, ọdún yẹn ni Network Solutions tó ń bójú tó o l'Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gba $100 fún ọdún méjì. Ẹ wá fojú inú wò ó, àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ò tíì mọ ohun tí íntánẹ́ẹ̀tì jẹ́, ilẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Ìgbà yẹn ni Dennis Toeppen wọlé. Ará Illinois l'Amẹ́ríkà ni. Panavision ni ilé iṣẹ́ tó ń ṣe kámẹ́rà tí wọ́n fi ń ya sinimá ní Hollywood, nígbà tí wọ́n sì fẹ́ gba panavision.com, wọ́n bá ẹlòmíì níbẹ̀. Toeppen ti gbà á, ó wá gbé fọ́tò ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Pana sórí ẹ̀, fọ́tò tí wọ́n yà látòkè, bíi pé torí ìlú yẹn ló ṣe gba orúkọ náà. Wọ́n kọ lẹ́tà sí i pé orúkọ àwọn nìyẹn, ó ní kí wọ́n mú $13,000 wá. Wọ́n kọ̀. Ló bá tún lọ gba panaflex.com, tó jẹ́ orúkọ kámẹ́rà wọn, ohun kan ṣoṣo tó sì kọ síbẹ̀ ni "Hello". Wọ́n gbé e lọ sí kóòtù, ibẹ̀ ni wọ́n ti wá rí i pé ó ti gba irú ẹ̀ tó lé ní 100, orúkọ àwọn oníbàálù, orúkọ àwọn ilé ìtajà ńlá. Ní 1998, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn dá Panavision láre.

Ohun tí à ń pè ní cybersquatting gan-an nìyẹn. Kì í ṣe pé Toeppen ra dómèènì tó pọ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀ ni pé orúkọ tí ẹlòmíì fi òógùn ojú sọ di orúkọ ló ń wò nígbà tó ń rà á, kò sì sí nǹkan míì tó fẹ́ fi ṣe ju kó jókòó tì í kó máa dúró de olówó ẹ̀. Ẹni tó bá ra "garden.com" tàbí "voice.com", ọ̀rọ̀ ló rà, ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé atúmọ̀, tí ẹgbẹ̀rún èèyàn lè fi ṣe ẹgbẹ̀rún òwò. Voice.com yẹn, ilé iṣẹ́ MicroStrategy ta á ní $30,000,000 ní 2019, kò sì sẹ́ni tó pè wọ́n lólè, torí pé kò sẹ́ni tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Bí èèyàn ṣe ń ra ilẹ̀ sí ojú títì tí ọ̀dà ò tíì dé, tó ní sùúrù títí ọ̀dà fi dé, bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá lọ ri òpó mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé onílé tẹ́ ẹ ní kó san owó kó tó wọlé, ìyẹn ti kúrò ní òwò ilẹ̀.

Ní 1999 ni òfin dé. Amẹ́ríkà ṣe tiwọn, pé ẹni tó bá fi ọkàn burúkú gba orúkọ onílé iṣẹ́ lè san láti $1,000 títí dé $100,000 lórí dómèènì kan ṣoṣo. Ọdún yẹn náà ni ICANN, àwọn tó ń bójú tó ètò dómèènì káàkiri àgbáyé, gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní UDRP, kí onílé iṣẹ́ lè gba orúkọ ẹ̀ padà láì lọ sí kóòtù. Ẹjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n dá lábẹ́ ẹ̀, ní oṣù kìíní 2000, ti àwọn onígídígbò Amẹ́ríkà ni, ẹnì kan ra worldwrestlingfederation.com, ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ló ránṣẹ́ sí wọn pé òun fẹ́ tà á fún wọn, nígbà tó sì yá, ó ní kí wọ́n mú $1,000 wá. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ ẹ̀.

UDRP yẹn, bí ààrò mẹ́ta ló rí, tẹ́ ẹ bá yọ ọ̀kan, ìkòkò máa dojú dé. Ẹni tó mú ẹjọ́ wá gbọ́dọ̀ fi hàn pé dómèènì yẹn bá orúkọ òwò òun mu tàbí ó jọ ọ́ débi tó lè ṣini lọ́nà, pé ẹni tó rà á ò ní ẹ̀tọ́ kankan sí i, àti pé ọkàn burúkú ló fi rà á tó sì fi ń lò ó. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta o. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú rèé, wọ́n rò pé tí orúkọ bá ti bá tàwọn mu, ó parí.

Ẹ wo Sting, olórin ará ìlú Òyìnbó yẹn, Gordon Sumner lorúkọ ẹ̀ gan-an. Ní 2000 ó pe ẹjọ́ pé kí wọ́n gba sting.com fún òun. Wọn ò gbà á fún un. Adájọ́ ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lásán ni sting, ohun tí oyin àti agbọ́n ń ṣe fún èèyàn ni, ẹni tó sì ni dómèènì yẹn ti ń fi orúkọ yẹn jẹ́ ìnagijẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tipẹ́. Ọdún yẹn kan náà ni Madonna gba madonna.com, torí pé orí àwòrán ìhòòhò ni ẹni tó rà á fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì rí i pé òkìkí olórin yẹn ló ń fi pe kọ́sítọ́mà. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe òkìkí ẹni tó pe ẹjọ́ ló ń dá a, ohun tí ẹni tó rà á ń fi ṣe ni.

Èyí tó máa ń ká mi lára jù ni ti Uzi Nissan. Nissan ni orúkọ ìdílé ẹ̀, orúkọ oṣù kan ni lédè Hébérù, North Carolina ló ń gbé, ó ń ta kọ̀ǹpútà, ó sì gba nissan.com fún òwò ẹ̀ ní 1994. Ní 1999 ni ilé iṣẹ́ mọ́tò Nissan pè é lẹ́jọ́, wọ́n ń bèèrè $10,000,000. Wọ́n fa ẹjọ́ yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kóòtù ní kò gbọ́dọ̀ fi ìpolówó mọ́tò sórí ẹ̀ mọ́, torí ó ti fi síbẹ̀ nígbà kan, ibẹ̀ ló sì ti jẹ̀bi, àmọ́ dómèènì yẹn dúró sọ́wọ́ ẹ̀ títí tó fi kú ní 2020. Àwa tí Adébáyọ̀ ogún lè wà ládùúgbò kan, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn yé wa dáadáa, orúkọ bàbá èèyàn kì í di ẹ̀ṣẹ̀ torí pé olówó kan náà ń jẹ́ ẹ. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá wá ń fi orúkọ bàbá yín ta ọjà tó jọ tiẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yí padà.

Nílé wa níbí ńkọ́? Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti Nàìjíríà, ti 2015, abala 25, dá ọ̀rọ̀ yìí mọ̀ dáadáa. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ gba orúkọ ẹlòmíì, ti ilé iṣẹ́ tàbí ti ìjọba, láì lẹ́tọ̀ọ́ sí i, láti fi dí olórúkọ lọ́wọ́, ó lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún méjì, tàbí kó san owó ìtanràn tó tó ₦5,000,000, tàbí méjèèjì. Adájọ́ á tún wò ó bóyá wọ́n bẹ ẹni yẹn kó dá a padà tó kọ̀, àti bóyá ó ń bèèrè owó kó tó yọ̀ǹda. Ẹ tún ìyẹn kà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sáré ra orúkọ olóṣèlú bí ìbò bá ti ń sún mọ́lé. Àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra orúkọ báńkì tẹ́ ẹ yọ lẹ́tà kan. Èmi náà ra orúkọ òṣèré méjì lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá mi rí i, wọ́n bi mí ní ìbéèrè kan péré, "Tí wọ́n bá bi ẹ́ pé kí lo fẹ́ fi ṣe, kí lo máa sọ?" Mi ò rí èsì fún wọn. Mo fi méjèèjì sílẹ̀, ìbéèrè yẹn ni mo sì ń bi ara mi di òní kí n tó sanwó.

Ohun kan wà tí àwa tá à ń ka Yorùbá ló yẹ ká kọ́kọ́ rí kí ẹlòmíì tó rí i. A mọ̀ pé e àti ẹ kì í ṣe ọ̀kan náà, àmì kékeré ìsàlẹ̀ yẹn ló yà wọ́n. Kọ̀ǹpútà náà mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀, dómèènì tó ní ẹ àti èyí tó ní e, méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ẹni ọ̀tọ̀ sì lè ni wọ́n. Tí wọ́n bá wá fi líǹkì ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, ìlà lè wà lábẹ́ ẹ̀, ìlà yẹn sì lè bo àmì náà mọ́lẹ̀. Ní 2018, bẹ́ẹ̀ ni àwọn gbájúẹ̀ ṣe fi àmì sábẹ́ lẹ́tà n inú orúkọ Binance, ibi tí wọ́n ti ń ra owó kírípítò, èèyàn á rò pé ìdọ̀tí ojú fóònù ni, wọ́n á tẹ pásíwọ́ọ̀dù wọn síbẹ̀. Ẹ fọwọ́ ara yín tẹ àdírẹ́sì báńkì yín, ẹ má tẹ líǹkì. Tẹ́ ẹ bá sì rí àdírẹ́sì tó fi "xn--" bẹ̀rẹ̀, ó túmọ̀ sí pé lẹ́tà tó ní àmì tàbí lẹ́tà èdè míì wà nínú ẹ̀, ẹ ní sùúrù kẹ́ ẹ wò ó dáadáa.

Ní tòótọ́ sha, orúkọ tí mo ti rí tó sọnù jù, kì í ṣe ọwọ́ cybersquatter ló bá lọ. Màmá kan tó ń ta aṣọ òkè wá bá mi lọ́dún tó kọjá, wọ́n gbé láílọ́ọ̀nù ìtajà kan lé orí tábìlì mi, àdírẹ́sì wẹ́bsáìtì wọn wà lára ẹ̀ gàdàgbà, wọ́n ní 2,000 ni àwọn tẹ̀, ó ku bí ààbọ̀ nílé. Mo tẹ àdírẹ́sì yẹn, ìpolówó tẹ́tẹ́ ló jáde. Màmá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọmọ tó ṣe wẹ́bsáìtì fún wọn ló fi íméèlì ara ẹ̀ ra dómèènì, kò ní èrò burúkú, ó rò pé òun ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ni, ló bá já pa lọ sí Kánádà, nọ́ńbà yí padà, gbogbo lẹ́tà tó ń sọ pé ẹ wá san owó ọdún tuntun, inú íméèlì tí kò ṣí mọ́ ló ń já sí.

Tó bá jẹ́ pé wọ́n tètè wá ni, ọ̀nà wà. Tí .com bá parí, wọ́n sábà máa ń fún yín ní ọjọ́ díẹ̀ tẹ́ ẹ lè san iye tẹ́ ẹ ń san tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn, ọjọ́ 30 tún wà tẹ́ ẹ lè fi owó gọbọi rà á padà, lẹ́yìn náà ọjọ́ márùn-ún, ó di ti ẹni tó bá yá lọ́wọ́. Oṣù méje ti kọjá kí màmá tó dé ọ̀dọ̀ mi. Mo kọ̀wé sí ẹni tó rà á, owó tó bèèrè ju owó ilé ìwé ọmọ wọn fún odidi ọdún lọ. UDRP ńkọ́? Owó ìwé ẹjọ́ nìkan ní WIPO, ọ̀kan lára àwọn tó ń gbọ́ ẹjọ́ UDRP, $1,500 ni, màmá ò sì forúkọ òwò yẹn sílẹ̀ níbì kankan. A gba .com.ng, mo fi íméèlì tiwọn gan-an sí i, nọ́ńbà tiwọn gan-an, mo sì kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa sanwó ẹ̀ fúnra wọn. Ìgbà tí mo lọ kí wọn ní ṣọ́ọ̀bù, ọmọ wọn obìnrin jókòó sílẹ̀, ó ń fi màkà dúdú pa àdírẹ́sì àtijọ́ yẹn rẹ́ lára láílọ́ọ̀nù lọ́kọ̀ọ̀kan.

Tẹ́ ẹ bá bá orúkọ tẹ́ ẹ fẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíì, ẹ wo ìgbà tó rà á ná. Tó bá ti rà á kẹ́ ẹ tó dá òwò yín sílẹ̀, kò jí nǹkan kan yín, ẹ pè é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kẹ́ ẹ ná an bí ọjà, ẹ sì jẹ́ kí owó gba ọwọ́ ẹni àárín kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Tó bá jẹ́ lẹ́yìn tí òkìkí yín kàn ló rà á, tó tún wá ń fi kọ́sítọ́mà yín jẹun, ẹ má sanwó, ẹ ya ojú ewé yẹn pamọ́, ẹ kọ lẹ́tà, ẹ wá lọ́yà. Kẹ́ ẹ tó sùn lálẹ́ òní sì rèé, ẹ béèrè pé íméèlì ta ni wọ́n fi ra dómèènì yín. Tí wọ́n bá ní ti ọmọ tó bá yín ṣe wẹ́bsáìtì ni, ẹ pè é nísìnyí tí nọ́ńbà ẹ̀ ṣì ń lọ.