Bí ilé ṣe ń bá iṣẹ́ mọ́tò rìn: àwọn ilé-iṣẹ́ mọ́tò àkọ́kọ́ ní Skọ́tlándì

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kọ́kọ́ ṣe mọ́tò ní Skọ́tlándì kò dúró de ilé tuntun. Camlachie ní Glasgow ni ilé-iṣẹ́ George Johnston, èyí tó di Arrol-Johnston, ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí iná jó ibẹ̀ ní 1901, wọ́n kó lọ sí Paisley, sínú ilé kan tí wọ́n ti ń ṣe òwú ìránṣọ tẹ́lẹ̀. Ilé òwú sì bá iṣẹ́ mọ́tò mu dáadáa, torí bákan náà ni agbára ṣe ń dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ níbi iṣẹ́ méjèèjì.

Ẹ́ńjìnnì kan ló máa ń yí ọ̀pá irin gígùn kan lábẹ́ àjà. Bẹ́líìtì máa ń ti ara ọ̀pá náà sọ̀ kalẹ̀ wá yí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ibi tí ọ̀pá bá dé ni ẹ̀rọ lè dé. Ìdí kan nìyẹn tí irú ilé bẹ́ẹ̀ fi gùn tí kò sì fẹ̀. Ìdí kejì ni ìmọ́lẹ̀: bí ilé bá fẹ̀ jù, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé kò ní dé àárín.

Ẹni tó bá fẹ́ ilé fífẹ̀ ní láti gba ìmọ́lẹ̀ látòkè. Ohun tí òrùlé tó rí bí eyín ayùn wà fún nìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ kan eyín náà máa ń dí pa, gíláàsì ló máa ń wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì tó kọjú sí àríwá. Apá gúúsù ni oòrùn máa ń gbà kọjá ní Bìrìtéènì, torí náà ìmọ́lẹ̀ àríwá kì í ta sójú ẹni tó ń wọn irin. Àmọ́ ilé míì kò lè gun orí irú òrùlé bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ tó sì ń jẹ kì í ṣe kékeré.

Argyll, ilé-iṣẹ́ mọ́tò míì, kúrò ní Bridgeton ní Glasgow lọ wá àyè sí Alexandria ní Skọ́tlándì níbẹ̀, wọ́n sì ṣí ilé ibẹ̀ ní 1906. Òkúta pupa ni wọ́n fi kọ́ iwájú rẹ̀, wọ́n gbé ilé ìṣọ́ olórí róbótó lé e, wọ́n sì fi mábù ṣe inú ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Ààfin ni ẹni tó ń kọjá yóò pè é. Owó ńlá ni wọ́n ná sórí ohun tí kò lè dè nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo. Mọ́tò tí wọ́n ń tà kò tó ilé náà, Alex Govan tó jẹ́ ọ̀gá wọn kú ní 1907, nígbà tó sì di 1908, ilé-iṣẹ́ náà ti wọ gbèsè dé ibi tí wọ́n fi ní láti tú u ká. Àwọn míì tún un gbé dìde, àmọ́ ó kógbá sílé ní 1914.

Kọnkéré ló yanjú ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ àti ilẹ̀ pọ̀. Bíríkìlà tó bá ń da dẹ́kìn mọ̀ pé kọnkéré lè gbé ẹrù, àmọ́ kò lè fara da kí nǹkan máa fà á, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń tẹ́ irin sí ìsàlẹ̀ bíìmù. Ní Amẹ́ríkà, Julius Kahn ṣe irin kan tí wọ́n gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sókè bí ìyẹ́, kí ó lè di kọnkéré mú níbi tí bíìmù ti sábà máa ń sán ní dáàgún lẹ́bàá òpó. Bí òpó àti bíìmù bá ti gbé gbogbo ẹrù ilé, ògiri kò ní nǹkan kan tó ń gbé mọ́. Gíláàsì lè kún un láti òpó dé òpó, ilé alájà púpọ̀ á sì mọ́lẹ̀ kárí.

Albert Kahn, ẹ̀gbọ́n Julius tó máa ń ya àwòrán ilé, lo ọgbọ́n yìí fún Ford ní Highland Park ní 1910. Àwòṣe rẹ̀ ni Arrol-Johnston mú wá sí Heathhall, lẹ́bàá Dumfries, ní 1913, lábẹ́ T. C. Pullinger tó jẹ́ ọ̀gá wọn. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ tó wúwo lè wà nísàlẹ̀, kí iṣẹ́ fífúyẹ́ wà lókè, kí ohun tó bá parí lókè sì máa sọ̀ kalẹ̀ lọ bá èyí tó kù.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n kọ́ irú rẹ̀ kan sí Tongland ní gúúsù Skọ́tlándì, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn obìnrin níṣẹ́ ẹ̀rọ. Dorothée, ọmọ Pullinger, ló wá ń darí iṣẹ́ mọ́tò Galloway níbẹ̀. Òrùlé kọnkéré ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ṣe pápá tẹ́níìsì sórí rẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́.