Ibi tí kámẹ́rà bá dúró sí ló ń kọ́ ìlú fún wa

Ẹni tí ò tíì dé Èkó rí, tó jẹ́ Ìsánlú tàbí Ẹ̀gbẹ̀ ló ń gbé látìgbà tí wọ́n ti bí i, máa júwe Èkó fún yín dáadáa: afárá tí okùn irin fà sókè, ilé gogoro, omi, sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ. Kì í ṣe pé ó ń parọ́ o, fíìmù ló ti fi mọ̀ ọ́n. Afárá Lẹ́kí sí Ìkòyí yẹn, 2013 ni wọ́n ṣí i, àmọ́ ó ti wá di pé bí fíìmù bá ti fẹ́ sọ pé Èkó la wà, afárá yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi hàn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó tán, gbogbo pálọ̀ tí wọ́n bá fi hàn lẹ́yìn ìyẹn ti di pálọ̀ Èkó nìyẹn, ì báà jẹ́ Asaba ni wọ́n ti yà á.

Ọgbọ́n àtijọ́ ni. Ní nǹkan bíi ọdún 1920, ará Rọ́ṣíà kan tó ń ṣe fíìmù, tó ń jẹ́ Lev Kuleshov kó àwọn òṣèré jọ ní Moscow, wọ́n pàdé lójú títì, wọ́n gun àtẹ̀gùn ilé kan níbẹ̀, ó wá já àwòrán White House ti Amẹ́ríkà sáàárín rẹ̀. Àwọn tó wò ó rí i pé White House ni wọ́n wọ̀. Ìlú tó kọ́ yẹn ò sí níbì kankan láyé, orí àwọn tó ń wòran ló kọ́ ọ sí.

Ṣùgbọ́n gígé àti síso pọ̀ yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn ti mọ̀ ọ́n. Èyí tó ń bí ni nínú ni kí ẹnì kan na fótò ẹyọ kan síni lójú kó ní "àwòrán kì í parọ́, ẹ fojú yín rí i!" Lóòótọ́, wọn ò fi nǹkan kan kún un, wọn ò yọ nǹkan kan kúrò. Ibi tí ẹni tó yà á dúró sí ti sọ ọ̀rọ̀ tiẹ̀ tán kó tó tẹ kámẹ́rà.

Ẹ jẹ́ ká wò ó báyìí. Oníròyìn kan fẹ́ ya ọjà. Ó wọ inú ọjà, ẹni tó wà níwájú rẹ̀ jìn sí i ní mítà 5, ẹnì kan tún wà lẹ́yìn onítọ̀hún ní mítà 50, ìyẹn ni pé mítà 55 ni sí kámẹ́rà. Nínú fótò, ẹni iwájú máa ga ju ẹni ẹ̀yìn lọ ní ìlọ́po 11, ojú á sì mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé àyè pọ̀ láàárín wọn. Kí oníròyìn yìí kan náà wá lọ gun afárá, kó dúró sí mítà 200 sí ẹni iwájú. Àwọn méjèèjì ò kúrò lójú kan, ẹni ẹ̀yìn ti wá di mítà 250 sí kámẹ́rà. Gíga rẹ̀ nínú fótò ti di ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ti ẹni iwájú! Tó bá wá fi lẹ́ǹsì gígùn fà wọ́n súnmọ́, ojú á ní ńṣe ni wọ́n ń mí sára wọn lọ́rùn. Mítà 50 yẹn ṣì wà nínú ọjà, àmọ́ ó ti pòórá nínú fótò. Báyìí náà ni wọ́n ṣe ń ya àwọn fótò Ìdúmọ̀tà àti Òṣòdì tó máa ń bani lẹ́rù, tí orí èèyàn kàn ń gun orí èèyàn.

Lẹ́ǹsì ni wọ́n sì máa ń di ẹ̀bi rù, lẹ́ǹsì ò mọwọ́ ò mẹsẹ̀. Ẹ fi fóònù lásán ya á láti ibi kan náà, kẹ́ ẹ gé àárín fótò yẹn kẹ́ ẹ fẹ̀ ẹ́, bákan náà ni wọ́n máa fún mọ́ra, ó kàn máa ṣe bàìbàì ni. Jíjìnnà ló ń ṣe é.

Ẹni tó ń roko iṣu lápá Kabba mọ èyí tẹ́lẹ̀. Ẹ dúró ní ìkángun oko kẹ́ ẹ wo ebè, bíi pé ọ̀kan gun orí èkejì, adìyẹ ò ráyè kọjá. Ẹ wọ àárín rẹ̀ báyìí, àyè ẹsẹ̀ wà, àyè ọkọ́ wà, ẹ̀gúsí ti fà kálẹ̀ láàárín wọn, ibì kan tiẹ̀ wà tí ebè ò sí rárá torí àpáta, a ò sì rí i láti ìkángun. Ẹni tó bá fẹ́ ra iṣu lóko kì í dúró lójú ọ̀nà dá owó lé e, á wọlé, á rìn ín yí ká, á ní kí wọ́n wa ọ̀kan kóun rí i. Àmọ́ tó bá di ọ̀rọ̀ ìlú, ojú ọ̀nà ni gbogbo wa ń dúró sí dá owó lé e.

Lọ́kọ́ja nìyẹn. Ibi méjì ni kámẹ́rà mọ̀ níbẹ̀. Ọ̀kan ni orí òkè Patti, níbi tí odò Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé nísàlẹ̀, tí ilé èèyàn ti di páànù wẹ́wẹ́. Ìran yẹn lágbára débi pé ó bí ìtàn: wọ́n á ní orí òkè yẹn ni Flora Shaw, oníròyìn ará Gẹ̀ẹ́sì tó wá di ìyàwó Lugard, dúró sí, tó wo odò, tó sọ wá ní Nàìjíríà. Àmọ́ inú ìwé ìròyìn The Times ní Lọ́ńdọ̀nù ló ti dá àbá orúkọ yẹn ní January 1897, kò sì fẹ́ Lugard títí di 1902. Ibẹ̀ kàn dára láti dúró wo odò ni, ìtàn wá bá a.

Ìkejì ni omíyalé. Ní 2012 àti 2022 omi bo ilé lápá Ganaja àti Adankolo, títì Àbújá dí ní Koton Karfe, ìyà ńlá sì jẹ àwọn tó ń gbé níbẹ̀, ó yẹ kí gbogbo ayé rí i. Àmọ́ àárín odò àti òkè ni Lọ́kọ́ja wà, ilẹ̀ rẹ̀ ń ga bọ̀ láti etí omi, àwọn drone, kámẹ́rà tó ń fò lókè, tí wọ́n fi ń ya omi yẹn kì í sì dé ibi tí omi ti parí. Torí náà gbogbo ìgbà òjò ni àwọn ẹbí tó wà ní Èkó máa ń pe ilé ní Kabba, ìrìn àjò tó lé ní wákàtí kan sí Lọ́kọ́ja, pé ṣé omi ò tíì gbé yín lọ. Kò sí fótò Kabba fúnra rẹ̀ kankan nínú orí àwọn ẹbí yẹn tí wọ́n fi máa mọ̀ pé ibòmíì ni. Àléébù ibẹ̀ gan-an nìyí, lójú tèmi: ìlú tí kámẹ́rà ò bá dúró sí, ìlú tí wọ́n bá ti rí fótò rẹ̀ ló máa gbé e mì.

Ọ̀nà kan wà láti fi mọ ibi tí wọ́n ti ya fótò. Ẹ wá orí tó sún mọ́ wa jù àti èyí tó jìn jù, tí wọ́n bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi bákan náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọ̀nà jíjìn ni ẹni tó yà á wà. Lẹ́yìn náà ẹ wá ilẹ̀ tó wà láàárín ẹsẹ̀ wọn. Tí ilẹ̀ ò bá hàn, kò sẹ́ni tó lè fi fótò yẹn nìkan mọ iye mítà tó wà láàárín ẹnì kan àti ẹnì kejì, àfi ẹni tó bá dúró níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.