Àtúnṣe ilé ní Ìkòròdú: bí iṣẹ́ ṣe ń tẹ̀léra, àti bí owó ṣe ń tẹ̀lé iṣẹ́

Ilé tuntun kò ní àṣírí lójú ẹni tó ń kọ́ ọ. Ilé àtijọ́ ló ní: ó ti bo àìsàn rẹ̀ mọ́ inú ògiri, sábẹ́ táìlì, sókè síílìn. Ìdí nìyẹn tí iye tí agbaṣẹ́ṣe bá dá láti ẹnu ọ̀nà, láìwọlé, fi máa ń wú kí iṣẹ́ tó dé ìdajì.

Ọ̀pọ̀ onílé ní Ìkòròdú ń fi ọ̀dà bẹ̀rẹ̀. Iléyá ń bọ̀ tàbí Kérésìmesì kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n ránṣẹ́ pe akunlé, ilé dán fún oṣù mélòó kan. Nígbà tó yá, ìyẹ̀fun funfun bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nísàlẹ̀ ògiri, ọ̀dà sì ń bó bí awọ alángbá. Ẹ̀bi akunlé kọ́. Ilẹ̀ tó sún mọ́ ọ̀sà, láti Ẹ̀bútè dé apá Báyékú, kì í gbẹ tán nísàlẹ̀. Tí ẹni tó kọ́ ilé náà kò bá tẹ́ ọ̀rá tó nípọn sáàárín ìpìlẹ̀ àti ògiri, omi á máa gun búlọ́ọ̀kù bọ̀ wá sókè, á sì kó iyọ̀ dání. Atẹ́gùn á gbẹ omi, iyọ̀ á ṣẹ́kù sójú ògiri, òun ló sì ń ti ọ̀dà dànù. Kíkùn ún lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún kò lè wò ó sàn. Ṣe ni wọ́n á ha ìrẹ́lé àtijọ́ kúrò títí kọjá ibi tí ọ̀rinrin gùn dé, wọ́n á jẹ́ kí búlọ́ọ̀kù gbẹ dáadáa, kí wọ́n tó fi sìmẹ́ǹtì tí wọ́n po oògùn adènà omi mọ́ tún un rẹ́. Wọ́n á sì wo ìta pẹ̀lú: bóyá ilẹ̀ ìta ti ga ju ti inú ilé lọ, bóyá omi òrùlé ń dà sẹ́sẹ̀ ògiri gan-an.

Iyanrìn náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Púpọ̀ nínú iyanrìn àdúgbò yìí ni wọ́n ń wà láti inú ọ̀sà, omi ọ̀sà sì máa ń níyọ̀ sí i nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí omi odò bá fà tí omi òkun sì ń wọlé. Iyanrìn tí òjò kò tíì fọ̀ lè gbé iyọ̀ wọ inú ìrẹ́lé, kó sì mú irin dípẹtà nínú kankéré. Kí wọ́n tó ní kí típà dà á sílẹ̀, ẹ̀kúnwọ́ kan tó láti fi mọ̀ ọ́n: wọ́n á dà á sínú ìgò tó mọ́ gaara, wọ́n á bu omi sí i, wọ́n á mì í, wọ́n á gbé e kalẹ̀ títí omi á fi tòrò. Iyanrìn gidi á lọ sísàlẹ̀, ẹrẹ̀ á jókòó lé e lórí. Bí ẹrẹ̀ náà bá nípọn, kí típà máa gbé e lọ. Ahọ́n ni wọ́n fi ń mọ ti iyọ̀.

Àyẹ̀wò ilé kò gba irinṣẹ́ olówó ńlá. Owó irin kan tó láti kan ògiri: ibi tó bá dún kòkò, ìrẹ́lé ti ya kúrò lára búlọ́ọ̀kù níbẹ̀. Ní ti sísán, èyí tó wé mọ́ ìrẹ́lé nìkan yàtọ̀ sí èyí tó wọ búlọ́ọ̀kù. Wọ́n á fi lẹ́ẹ̀dì fa ìlà sí ibi tí sísán náà parí sí, wọ́n á kọ déètì sí i. Bó bá kọjá ìlà náà lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ìpìlẹ̀ ṣì ń rìn nìyẹn, ẹ́ńjíníà ló kàn, kì í ṣe bíríkìlà. Nínú ilé tó ti pẹ́, síílìn lè jẹ́ ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì. Eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Wọn kì í fi òòlù fọ́ ọ, wọn kì í sì í fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá a. Wọ́n á fi omi rin ín, wọ́n á tú u lódidi, wọ́n á sì dì í.

Òrùlé ló yẹ kó ṣáájú, torí kò sí iṣẹ́ inú tó lè kojú òjò. Lẹ́yìn náà ni gbogbo ohun tó máa wọ inú ògiri: páìpù omi, páìpù wáyà. Ní ti wáyà, èyí tí wọ́n sábà ń lò ni 1.5mm fún iná, 2.5mm fún ojú ìpulọ́ọ̀gì, àti 4mm tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹ̀rọ amúlétutù. Ilé tí wọ́n fi wáyà kan náà ṣe gbogbo rẹ̀, tí kò sì ní wáyà ilẹ̀ (ẹ́ọ̀tì), iná ló ń dúró dè. Ìrẹ́lé, síílìn, táìlì àti ilẹ̀kùn á wá tẹ̀léra. Ọ̀dà ló gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá yí ètò yìí padà á gbẹ́ ògiri tó ti kùn.

Ilé onípalọ̀ tí wọ́n ń sọ di yàrá tó dá ní balùwẹ̀ àti ilé ìdáná tirẹ̀ pọ̀ gan-an báyìí ní Ìkòròdú, ibẹ̀ sì ni sokàwéè, kòtò tí omi ìdọ̀tí ilé ń rì sí, ti ń di ìjọ̀ngbọ̀n. Ìmọ̀ràn tí wọ́n sábà ń fúnni ni pé kí kànga jìnnà sí sokàwéè tó mítà 30. Pọ́ọ̀tì ilẹ̀ kan nílùú Èkó jẹ́ nǹkan bíi mítà 18 sí 36, ìdajì pọ́ọ̀tì sì sábà ń jẹ́ 18 sí 18, nítorí náà mítà 30 kò sí nínú irú ìdajì bẹ́ẹ̀ rárá. Onílé ìdajì pọ́ọ̀tì ní láti béèrè ibi tí sokàwéè aládùúgbò wà pẹ̀lú, kó tó gbẹ́ ohunkóhun.

Bí iṣẹ́ bá kan ògiri tó ru dẹ́kìn, tàbí tí onílé fẹ́ gbé òkè lé ilé ilẹ̀, ìwé àṣẹ LASPPPA, àjọ tó ń fúnni ní àṣẹ ìkọ́lé ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ti wọ ọ̀rọ̀ náà. LASBCA, àjọ ìpínlẹ̀ náà tó ń ṣàkóso ilé kíkọ́, ló ń bójú tó iṣẹ́ fúnra rẹ̀ bó ṣe ń lọ, wọ́n sì lè ti ilé pa. Ní ti àwọn tó ń dá lébìrà dúró láti gbowó, òfin dúkìá tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2016 ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀. Síbẹ̀, ó dára kí ìwé àdéhùn sọ ẹni tó máa dá wọn lóhùn.

Wàyí o, agbaṣẹ́ṣe. Fọ́tò inú fóònù kì í ṣe ẹ̀rí. Ilé tó ti ṣe, tí òjò ọdún kan ó kéré tán ti pa, ni kí wọ́n lọ wò, kí wọ́n sì bá ayálégbé ibẹ̀ sọ̀rọ̀, torí lánlọ́ọ̀dù lè má mọ yàrá tó ń jò. Wọ́n á béèrè ẹni tó máa wà níbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Àwọn kan á gba iṣẹ́, wọ́n á tà á fún ẹlòmíràn, ẹlòmíràn náà á tún tà á.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà san owó: kí agbaṣẹ́ṣe ra gbogbo nǹkan, tàbí kí onílé rà á, kó sì san owó iṣẹ́ nìkan. Èyí kejì ló wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n kò ní kí wọ́n má rẹ́ni jẹ. Onítáìlì lè béèrè páálí 15 fún yàrá tí kò lò tó bẹ́ẹ̀. Yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12 jẹ́ nǹkan bíi mítà oníhà mẹ́rin 13.4. Bí wọ́n bá fi ìdá mẹ́wàá kún un fún èyí tó máa fọ́, á di 14.7. Páálí táìlì sẹ̀ǹtímítà 60 sí 60 tó ní ẹyọ mẹ́rin ń bo mítà oníhà mẹ́rin 1.44. Páálí 11 ti tó. Ẹni tó bá ti ṣe ìṣirò yìí kò ní bá ẹnikẹ́ni jà. Á kàn sọ iye tó fẹ́ rà.

Owó àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ ju ohun èlò ìpele àkọ́kọ́ lọ, yálà ojú ti onílé láti sọ bẹ́ẹ̀ tàbí kò tì í. Owó iṣẹ́ ń tẹ̀lé àyẹ̀wò. Àpẹẹrẹ: kí wọ́n tó bo páìpù, wọ́n á dí gbogbo ẹnu rẹ̀, wọ́n á kún un fómi, wọ́n á fi ẹ̀rọ ti omi náà pọ̀ mọ́ inú rẹ̀, wọ́n á fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí ìwọ̀n ẹ̀rọ náà kò bá wálẹ̀, púlọ́ńbà gba owó rẹ̀, bíríkìlà sì bẹ̀rẹ̀. Onílé tó wà lókè òkun kò gbọdọ̀ gba fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́ gbọ́. Ipe fídíò níwájú ògiri tó ṣì ṣí sílẹ̀ ló lè gbà. Bánkì ni kí owó gbà kọjá, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n san án fún sí i. Ó sì yẹ kí onílé ti ya nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún sọ́tọ̀ fún ohun tí ògiri bá jẹ́wọ́.

Ìdá márùn-ún sí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ ni wọ́n ń dì mú fún àbùkù tó bá yọ lẹ́yìn iṣẹ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe ni pé wọ́n ń kọ "oṣù kan" sínú ìwé. Iṣẹ́ tó parí ní December, oṣù kan rẹ̀ á pé láìrí òjò gidi kankan. Ohun tó yẹ kí wọ́n kọ ni pé owó ìkẹyìn á jáde lẹ́yìn òjò ńlá àkọ́kọ́, tí wọ́n bá ti jọ gun àjà wò ó.