Ibi Tí Ìpáàrà Ti Hàn Kọ́ Ló Ti Ń Jẹ Irin

Màmá kan ní Ajah ní kí n wá wo géètì àwọn. Ọ̀dà rẹ̀ ṣì ń dán, àfi pé ó wú díẹ̀ nísàlẹ̀, bí ẹni pé iná jó o. Mo fi èékánná tẹ ibi tó wú. Ọ̀dà ya, omi pupa rúsúrúsú ṣàn jáde, àtàǹpàkò mi sì wọ inú páìpù lọ. "Ọmọ mi, ọdún tó kọjá la kùn ún." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọ̀dà yẹn gan-an ló bo àìsàn náà mọ́lẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé omi ló ń mú kí irin dógùn-ún. Omi nìkan ò lè dá a ṣe. Ẹ se omi kó hó dáadáa, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ ju ìṣó sí i, kẹ́ ẹ da òróró lé omi náà lórí. Ìṣó yẹn á pẹ́ kó tó dógùn-ún, torí pé híhó ti lé ọ́síjìn jáde nínú omi, òróró ò sì jẹ́ kó tètè padà wọlé. Ẹ wá fi ìṣó kejì sínú omi lásán, kí ìdajì rẹ̀ yọ síta. Kò ní pẹ́ tí tọ̀hún á fi pọ́n.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ jọ ti bátìrì. Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀kán omi kan ṣoṣo tó bà sórí irin. Létí rẹ̀, omi fẹ́lẹ́, ọ́síjìn ń ráyè wọlé. Láàárín, omi jìn, ọ́síjìn ò tó. Àárín yẹn ni irin ti ń yọ́ sínú omi. Bó ṣe ń yọ́ ló ń fi ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù, ìyẹn àwọn hóró tíntìntín tó ń gbé iná mànàmáná, sílẹ̀, àwọn yẹn á sì gba inú irin lọ sí etí, níbi tí ọ́síjìn àti omi ti ń dúró dè wọ́n. Irin tó yọ́ á pàdé ohun tó ń ti etí bọ̀, wọ́n á di ìpáàrà lójú ọ̀nà. Ẹ ó rí i pé ìpáàrà yí ká bí òrùka, àárín sì ni kòtò wà. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Ulick Evans ní Yunifásítì Cambridge, ló ṣàlàyé èyí yékéyéké lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, èmi ò sì tíì rí àlàyé tó wúlò fún iṣẹ́ wẹ́dà tó o.

Torí ohun tí ọ̀dà ń ṣe nìyẹn tó bá ti ha. Afẹ́fẹ́ pọ̀ lójú ibi tó ha, ṣùgbọ́n abẹ́ ọ̀dà tó wà nítòsí rẹ̀, tí omi ti yọ́ wọ̀, ni irin ti ń jẹ́ jíjẹ. Iyọ̀ tí atẹ́gùn òkun ń gbé wá á tún jẹ́ kí iná bíi ti bátìrì yẹn máa rìn geerege nínú omi.

Ìpáàrà kì í sì í dúró di irin mú bí èèpo alumíníọ̀mù ṣe ń dáàbò bo alumíníọ̀mù. Ó máa ń fa omi mu, ó sì máa ń gba àyè tó ju ìlọ́po méjì irin tó jẹ lọ. Òun ló ń ti kọnkéré dẹ́kìnnì títí á fi fọ́, tí irin inú rẹ̀ á fi yọ síta.

Nítorí náà, tí ọ̀dà bá wú, ẹ má kùn ún lé e. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á títí irin á fi funfun, ẹ fi tínà nù ún, kó gbẹ, kẹ́ ẹ sì kun red oxide, ọ̀dà pupa tá a máa ń kọ́kọ́ fi kun irin, lọ́jọ́ náà gan-an kí ọ̀dà tó tẹ̀ lé e. Ẹ má jẹ́ kí iyẹ̀pẹ̀ jókòó ti ẹsẹ̀ géètì. Páìpù tí orí rẹ̀ ṣí ló burú jù, inú ló ti ń jẹrà.

Ti màmá, mo gé ẹsẹ̀ bàtà kan kúrò nísàlẹ̀, mo jó tuntun mọ́ ọn, mo dí orí páìpù, mo sì lu ihò kékeré méjì sí ìdí rẹ̀. Òjò rọ̀ lóru ọjọ́ kejì. Wọ́n pè mí láàárọ̀ pé omi ń kán látinú ihò náà. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ kó máa kán.