Wíwá ibi tí epo ti ń jò nínú bóòtù kékeré

Wíwá ibi tí epo ti ń jò ni iṣẹ́ tí mẹkáníìkì tàbí ẹni tó ni bóòtù máa ń ṣe tí bẹntiróòlù bá ń rùn nínú ọkọ̀ tí wọn ò sì tíì mọ ibi tó ti ń wá. Ó kan bóòtù fáíbà àti ti pákó tí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì kọ́ ìdí wọn, irú èyí tó ń ná Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti Badagry lórí ọ̀sà, ó sì kan àwọn tí ẹ́ńjìnnì wọn wà nínú ọkọ̀ náà. Imú á sọ pé epo wà, kì í sọ ibi tó wà, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìgbà tí òórùn yẹn ń jáde ló máa ń tú àṣírí jù.

Ewu tó wà níbẹ̀

Afẹ́fẹ́ bẹntiróòlù fi ìlọ́po 3 sí 4 wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ, kì í fò lọ sókè, ńṣe ló máa ń ṣàn lọ sí ìdí ọkọ̀ bí omi, táá sì jókòó síbẹ̀. Nínú mọ́tò, epo tó bá jò máa kán sílẹ̀ títì, atẹ́gùn á gbé e lọ, ṣùgbọ́n bóòtù ò níhò nídìí, abọ́ ni. Tí afẹ́fẹ́ epo bá ti tó nǹkan bíi 1.4% nínú afẹ́fẹ́ ibẹ̀, iná kékeré tó ta lára sítátà lè gbé e, tó bá sì kọjá bíi 7.6% á ti pọ̀ jù láti gbaná, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè fi imú wọn ìyẹn, ibi tó bá sì pọ̀ jù lónìí lè dín kù sí ibi tó ń gbaná gẹ́lẹ́ tí wọ́n bá ṣí ìdérí.

Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń kọ́kọ́ pa ẹ́ńjìnnì, kí èrò sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n wá ṣí gbogbo ibi tó bá ṣeé ṣí kí atẹ́gùn gba ibẹ̀ kọjá dáadáa. Kò yẹ kí wọ́n tẹ súwíìsì kankan, kò sì yẹ kí wọ́n sáré yọ wáyà bátìrì, torí yíyọ yẹn gan-an lè ta iná. Òórùn epo tún máa ń mọ́ imú lára, ẹni tó bá ti ń bá a ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan lè má gbọ́ ọ mọ́, ó dáa kí ẹlòmíì tó ń bọ̀ láti èbúté wá gbóòórùn ẹ̀ wò.

Ìgbà wo ló ń rùn?

Tó bá jẹ́ ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ epo kún bámúbámú nìkan ló ń rùn, tó sì ń lọ tí epo bá ti fà díẹ̀, orí táǹkì ni kí wọ́n wò: họ́ọ̀sì tí epo ń gbà wọlé, gásíkẹ́ẹ̀tì géèjì, ìdérí. Epo kì í dé ibẹ̀ tí táǹkì ò bá kún.

Tó bá jẹ́ ìgbà tí ọkọ̀ dúró jẹ́ẹ́ nínú oòrùn ni, ooru ló níṣẹ́ yẹn. Táǹkì lítà 25 tí wọ́n rọ kún láàárọ̀ ní 25°C, tí oòrùn bá gbé e dé 40°C, epo inú ẹ̀ á ti fi bíi 0.35 lítà wú sí i, ó sì gbọ́dọ̀ ríbi gbà. Láti 2011 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ní kí táǹkì àgbérìn tuntun máa ti ihò atẹ́gùn ẹ̀ pa fúnra ẹ̀ títí tí agbára inú ẹ̀ á fi tó 5 psi (psi ni wọ́n fi ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń ti ara táǹkì tó). Èyí dín afẹ́fẹ́ epo tó ń jáde kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fi họ́ọ̀sì sílẹ̀ lára ẹ́ńjìnnì, táǹkì tó wú yẹn lè máa ti epo gba inú họ́ọ̀sì lọ, á kọjá kábúrétọ̀, á wá máa kán níbẹ̀, ẹni tó ń wá ihò ò sì ní ríhò kankan. Kí wọ́n máa yọ họ́ọ̀sì kúrò lára ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn iṣẹ́ ló ń parí ẹ̀. Àwọn ọkọ̀ tó ń fa epo látinú kẹ́ẹ̀gì tí ẹnu ẹ̀ ò dé dáadáa yàtọ̀, ẹnu kẹ́ẹ̀gì yẹn ni òórùn ń gbà jáde, kò sí họ́ọ̀sì tuntun tó máa mú un lọ.

Tó bá wá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ nìkan ni, kí wọ́n wò láti pọ́ǹpù epo lọ sí kábúrétọ̀, torí títì ni pọ́ǹpù ń ti epo níbẹ̀. Láti táǹkì dé pọ́ǹpù, fífà ló ń fà á, họ́ọ̀sì tó bá ya níbẹ̀ á máa fa atẹ́gùn wọlé dípò kó jò síta, ọkọ̀ á máa kọsẹ̀ lórí eré láìrùn rárá. Wọ́n lè pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì títí lórí irú ẹ̀, kò ní yanjú.

Họ́ọ̀sì àti rọ́bà ìtẹ̀

Rọ́bà roboto tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀ kí epo lè dé ẹ́ńjìnnì ni irinṣẹ́ àyẹ̀wò tó wà lọ́wọ́ gbogbo ọlọ́kọ̀. Tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ títí tó fi le, tó wá rọ̀ kíákíá láìjẹ́ pé ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, epo ti ríbi lọ nìyẹn. Tí ibì kan bá tutù níta, ibẹ̀ ló ti ń jò. Tí ẹnu kábúrétọ̀ bá tutù, abẹ́rẹ́ inú ẹ̀ ni kò dí dáadáa. Tí gbogbo ibi bá gbẹ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ fáàfù inú rọ́bà yẹn ló ń dá epo padà sí táǹkì, ìyẹn kì í sì í rùn.

Wọ́n máa ń nu gbogbo oríkèé họ́ọ̀sì gbẹ, wọ́n á wá we tíṣù funfun mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó bá di wákàtí mélòó kan wọ́n á tú u, wọ́n á gbé e kúrò nínú ọkọ̀ kí wọ́n tó gbóòórùn ẹ̀. Èyí rọrùn jù lára ẹ́ńjìnnì tó ń lo epo àpòpọ̀, torí bẹntiróòlù lè gbẹ tán, ọ́ìlì tí wọ́n pò mọ́ ọn kì í lọ, á fi àbàwọ́n sílẹ̀ níbi tó ti jò. Rọ́bà rìngì kékeré tó wà lẹ́nu ìsopọ̀ họ́ọ̀sì àti ẹ́ńjìnnì ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fura sí, owó ẹ̀ ò tó nǹkan.

Nígbà míì kò sí ihò, ara họ́ọ̀sì fúnra ẹ̀ ni òórùn ń gbà jáde. Tí wọ́n bá fi aṣọ tó mọ́ nu họ́ọ̀sì tó gbẹ, tí aṣọ yẹn sì ń rùn, ó ti gbó. Ethanol, ìyẹn ọtí tí wọ́n ń pò mọ́ epo, máa ń mú kí rọ́bà àtijọ́ tètè bàjẹ́. Họ́ọ̀sì tó ní àmì A1-15 lára, tí ilé iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ etíkun Amẹ́ríkà fọwọ́ sí, gbọ́dọ̀ lè fara da iná fún ìṣẹ́jú 2 àbọ̀, afẹ́fẹ́ epo tó sì ń gba ara ẹ̀ jáde ò gbọdọ̀ ju gíráàmù 15 lọ lórí mítà onígun mẹ́rin kan láàárín wákàtí 24.

Ẹ́ńjìnnì inú ọkọ̀ àti dísù

Bóòtù tó ń lo bẹntiróòlù tí wọ́n kàn ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn July 1980, tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ wà nínú, gbọ́dọ̀ ní fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ ìdí ọkọ̀ síta, ìṣẹ́jú 4 ni wọ́n sì ní kó ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó tan ẹ́ńjìnnì. Táǹkì alumíníọ̀mù níbẹ̀ máa ń jẹrà láti ìsàlẹ̀, níbi tí omi bá dúró sí.

Dísù kì í tètè gbaná bíi bẹntiróòlù, ṣùgbọ́n òórùn ẹ̀ kì í lọ bọ̀rọ̀, kì í sì í gbẹ, torí náà ojú ló ń rí i ju imú lọ.