Kọ́ńpìnnì ló bí òfin ìpìlẹ̀ Amẹ́ríkà

Ìgbà tí wọ́n bá ń sọ ibi tí ìjọba Amẹ́ríkà ti ṣẹ̀ wá, Philadelphia 1787, níbi tí wọ́n ti kọ òfin ìpìlẹ̀ Amẹ́ríkà, ni gbogbo èèyàn máa ń dárúkọ, èmi ò gbà. Massachusetts ni kẹ́ ẹ lọ wò, gbòǹgbò ẹ̀ wà níbẹ̀, ìwé kọ́ńpìnnì ló sì fi bẹ̀rẹ̀.

Ní 1629, ọba Charles Kìíní ti England fún kọ́ńpìnnì kan níwèé àṣẹ, Massachusetts Bay Company lorúkọ ẹ̀. Ìwé yẹn ní kí wọ́n ní gómìnà kan, igbákejì ẹ̀, olùrànlọ́wọ́ 18, kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ sì máa ṣèpàdé lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún, General Court ni wọ́n ń pè é. Ṣé ẹ ń rí gómìnà àti igbákejì níbẹ̀ báyìí? Ìwé yẹn ò wá sọ pé London ni ìpàdé gbọ́dọ̀ ti máa wáyé, bí John Winthrop, gómìnà wọn, àtàwọn èèyàn ẹ̀ ṣe gbé e wọkọ̀ sọdá òkun nìyẹn ní 1630, ohun tó jẹ́ bọ́ọ̀dù kọ́ńpìnnì di ìjọba. Ní 1634 àwọn aṣojú ìlú ní kí Winthrop mú ìwé náà jáde káwọn fojú ara àwọn rí i, wọ́n rí i pé wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti dá sí òfin tí wọ́n ń ṣe, látìgbà yẹn ìlú kọ̀ọ̀kan ń rán aṣojú. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni Amẹ́ríkà ti kọ́ pé ìjọba gbọ́dọ̀ ní ìwé téèyàn lè nàka sí.

Ilé aṣòfin méjì ńkọ́? Ẹlẹ́dẹ̀ ló fà á! Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní ìyàwó Sherman sọ pé Robert Keayne, oníṣòwò olówó ní Boston, pa ẹlẹ́dẹ̀ òun, ẹjọ́ yẹn dé General Court ní 1642, àwọn aṣojú ìlú tó pọ̀ jù wà lẹ́yìn obìnrin náà, àwọn olùrànlọ́wọ́ gómìnà wà lẹ́yìn olówó, ọ̀rọ̀ ò níyanjú, nígbà tó di 1644 oníkálukú lọ jókòó lọ́tọ̀. Nígbà yẹn náà ni wọ́n ń fi àgbàdo dìbò fún ẹni tí wọ́n fẹ́, ẹ̀wà fún ẹni tí wọn ò fẹ́. Àwọn tó ń pariwo Montesquieu, ará Faransé tó kọ̀wé nípa bó ṣe yẹ kí wọ́n pín agbára ìjọba, wọn ò tíì bí i nígbà tíyẹn ṣẹlẹ̀. Magna Carta, ìwé àdéhùn tí wọ́n ṣe ní England ní 1215, ní tiẹ̀, ọ̀rọ̀ ọba àtàwọn ìjòyè ni.

Ní 1778 ilé aṣòfin Massachusetts kọ òfin ìpìlẹ̀, àwọn ará ìlú dà á nù, kò sí ibi tó to ẹ̀tọ́ aráàlú sí nínú ẹ̀. Ni wọ́n bá yan àpérò ọ̀tọ̀, John Adams, tó padà di ààrẹ Amẹ́ríkà, kọ èyí tó pọ̀ jù, ìpàdé ìlú kọ̀ọ̀kan yẹ̀ ẹ́ wò kó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní 1780, wọ́n ṣì ń lò ó dòní. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Elizabeth Freeman tí wọ́n ń pè ní Mum Bett, ẹrúbìnrin tí ò mọ̀wé kà, pe olówó ẹ̀ lẹ́jọ́ ní Great Barrington, torí òfin yẹn sọ pé òmìnira la bí gbogbo èèyàn, ọgbọọgba sì ni wọ́n. Ó jàre, ó gba òmìnira! 1781 nìyẹn o, ẹjọ́ Marbury àti Madison táwọn lọ́yà fi ń yangàn, níbi tílé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà ti sọ pé òun lè fagi lé òfin tó bá ta ko òfin ìpìlẹ̀, 1803 ni.

Philadelphia kàn kó gbogbo ẹ̀ jọ ni. Nígbà tí wọ́n tiẹ̀ gbé òfin ìpìlẹ̀ Amẹ́ríkà náà dé Massachusetts ní 1788 kí wọ́n fọwọ́ sí i, ìbò 187 sí 168 ló fi wọlé, lẹ́yìn tí wọ́n ti so àtúnṣe tí wọ́n ń fẹ́ mọ́ ọn, àwọn ìpínlẹ̀ míì ṣe bẹ́ẹ̀ náà, ibẹ̀ sì làtúnṣe 10 ti 1791 ti wá. Àtúnṣe ti 1868 tó sọ àwọn aláwọ̀ dúdú dọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ti 1920 fún ìbò obìnrin, ẹjọ́ Brown ní 1954 tó ní kí wọ́n má ya ọmọ aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ nílé ìwé ìjọba mọ́, ẹ ti mọ gbogbo ìyẹn.