Kì í ṣe yìnyín ló sọ Aspen di ìlú olówó, gbogbo ará ibẹ̀ kọ́ ló sì lówó

Ìgbàkígbà tí mo bá sọ fún àwọn èèyàn wa pé àbúrò mi ọkùnrin lọ ṣiṣẹ́ ní Aspen, ìlú orí òkè ní Colorado ní Amẹ́ríkà táwọn èèyàn ti ń ṣe ski, ìyẹn eré fífi pákó lẹ́sẹ̀ yọ̀ lórí yìnyín, ní ìgbà òtútù ọdún kan, ohun kan náà ni wọ́n máa ń sọ: "Ẹ̀hẹ́n, ó ti bọ́ lọ́wọ́ ìṣẹ́ nìyẹn, ìlú àwọn olówó mà ni." Wọ́n ti rí fọ́tò àwọn gbajúmọ̀ lórí Instagram, wọ́n ti rí báwọn ọkọ̀ òfúrufú kéékèèké aládàáni ṣe tò rẹrẹẹrẹ sí éápọ́ọ̀tù ibẹ̀, wọ́n wá gbà pé ẹni tó bá ti ń sùn sí ìlú yẹn, owó ti bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn míì á tún fi kún un pé Ọlọ́run ló fún wọn ní yìnyín, bí yìnyín bá ṣe ń já bọ́ lowó náà ń já bọ́. Denver lèmi ń gbé, bíi wákàtí mẹ́rin ni mo fi ń wakọ̀ débẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn sì ń dùn mí torí mo mọ àwọn tó tìtorí ẹ̀ forúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ tí wọn ò wádìí dáadáa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti yìnyín. Ilẹ̀ àwọn Ute, ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà, ni gbogbo àfonífojì yẹn kí òyìnbó tó dé. Ní 1879 làwọn tó ń wá fàdákà gba orí òkè wọlé, wọ́n pe ibùdó wọn ní Ute City, nígbà tó di ọdún kejì wọ́n yí i sí Aspen, kò sì pẹ́ rárá tí wọ́n fi lé ọ̀pọ̀ àwọn Ute kúrò ní Colorado lọ sí Utah. Fàdákà ló kọ́ ìlú yẹn o, kì í ṣe ski. Hotel Jerome tí gbogbo èèyàn ń ya fọ́tò níwájú ẹ̀ lónìí, 1889 ni wọ́n ṣí i, nígbà tí fàdákà ń gbówó lórí. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní 1890, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ jẹ́ 5,108. Àfi bó ṣe di 1893 tí ìjọba Amẹ́ríkà fagi lé òfin tó mú kí wọ́n máa ra fàdákà jọ, iye fàdákà já wálẹ̀, àwọn ibi ìwakùsà tì, kálukú bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ ẹrù mọ́. Ní 1930, èèyàn 705 ló kù.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró sí díẹ̀ rèé. Fún nǹkan bí 50 ọdún tí ìlú yẹn fi dà bí ahoro, ṣé yìnyín dáwọ́ dúró ni? Kò dáwọ́ dúró rárá. Òkè yẹn náà ni, òtútù yẹn náà ni, ẹni tó bá sì fẹ́ ta ilé nígbà yẹn kì í rí ẹni rà á, débi pé àwọn ilé kan wà tó jẹ́ pé téèyàn bá ti lè san gbèsè owó orí tó wà lórí ẹ̀, ó ti di tiẹ̀. Tó bá jẹ́ yìnyín ló ń mówó wá, ṣebí ọdún yẹn ló yẹ kó mú un wá.

Èèyàn ló tún ìlú yẹn dá. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Camp Hale, tí ò jìnnà síbẹ̀, ni wọ́n ti kọ́ àwọn sójà 10th Mountain Division bí wọ́n á ṣe máa jagun lórí òkè àti lórí ski. Ọ̀kan nínú wọn ni Friedl Pfeifer, ọmọ Austria, ó rí Aspen, ó fọkàn sí i, wọ́n ṣe é léṣe gan-an lójú ogun ní Ítálì, síbẹ̀ ó padà wá. Ní 1945, Walter Paepcke, ará Chicago tó ń ṣe páálí tí wọ́n ń kó ọjà sí, dé pẹ̀lú ìyàwó ẹ̀ Elizabeth. Ó kówó sílẹ̀, wọ́n dá Aspen Skiing Company sílẹ̀ ní 1946, wọ́n sì ṣe àga tí wáyà ń gbé gòkè, òun ló gùn jù láyé nígbà yẹn. Paepcke alára, ọ̀rọ̀ ìwé, orin àti ìrònú jinlẹ̀ ló jẹ ẹ́ lógún ju ski lọ. Ní 1949 ó ṣe àjọyọ̀ igba ọdún tí wọ́n bí Goethe, akéwì ará Jámánì, ó sì pe Albert Schweitzer, dókítà tó ní ọsibítù ní Lambaréné ní Gabon lọ́dọ̀ wa ní Áfíríkà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí bàbá yẹn fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà nìyẹn. Inú ẹ̀ ni àjọ̀dún orin àti Aspen Institute, iléeṣẹ́ tó ń kó èèyàn jọ láti jíròrò ọ̀rọ̀ ayé, ti jáde. Ti Vail, ìlú ski míì ní Colorado, tiẹ̀ tún ṣe kedere jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sí ìlú kankan níbẹ̀ rárá, ibi tí wọ́n ti ń da àgùntàn ni, kó tó di pé Pete Seibert, òun náà sójà 10th Mountain, àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ṣí ibi ski síbẹ̀ ní 1962.

Àwọn ará Colorado fúnra wọn mọ̀ pé owó yìnyín kì í ṣe ọ̀fẹ́. Wọ́n ti fún Denver ní Òlíńpíìkì ìgbà òtútù 1976, àmọ́ ní 1972 àwọn èèyàn dìbò pé àwọn ò ní fi owó ìlú ṣe é, Innsbruck ní Austria ló padà gbà á.

Ó wá ku ti "olówó ni gbogbo wọn". Àwọn tó ń gbé Aspen ò ju bí 7,000 lọ. Ilé olówó pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là, àmọ́ púpọ̀ nínú ẹ̀ ló máa ń wà ní títì fún oṣù tó pọ̀ lọ́dún torí onílé ní òmíràn níbòmíì. Ta ló wá ń se oúnjẹ, ta ló ń kó yìnyín lójú títì, ta ló ń tọ́jú ọmọ, ta ni nọ́ọ̀sì? Àwọn tó ń wọ bọ́ọ̀sì láti Glenwood Springs, bíi 65 kìlómítà, àwọn míì láti Rifle tó lé ní 100 kìlómítà, gbogbo wọn á tò sójú Highway 82 láàárọ̀ kùtùkùtù. Àwọn ọmọ yunifásítì láti Argentina, Peru àti Chile náà máa ń wá, torí ìgbà hólídé tiwọn ló bọ́ sí.

Ìlú náà mọ̀ pé tóun ò bá ṣe nǹkan kan, kò ní sí olùkọ́, kò ní sí panápaná. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣòfin pé ẹni tó bá ra ilé á san ìdá 1 nínú 100 iye ilé náà sí àpò ilé àwọn òṣìṣẹ́, èyí wà lára ohun tó fà á tó fi jẹ́ pé ilé tó lé ní 3,000 wà lábẹ́ ètò ilé àwọn òṣìṣẹ́ lónìí, tí wọn ò sì jẹ́ kéèyàn tà á ní iye tó bá wù ú. Àmọ́ o gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ tó wákàtí 1,500 lọ́dún ní káńtì yẹn, ìyẹn àgbègbè ìjọba ìbílẹ̀ tí Aspen wà, tí ilé kan bá sì ṣófo, kèké ni wọ́n máa ń ṣẹ́ torí àwọn tó fẹ́ ẹ pọ̀ jù. Èmi kan sáárá sí wọn fún ìyẹn, ó dáa ju àǹfààní kankan tí yìnyín ṣe fún wọn lọ, síbẹ̀ kò tó.

Àbúrò mi ò sí lára àwọn tí kèké mú. Abọ́ ló ń fọ̀ ní kíṣìnì hòtẹ́ẹ̀lì kan, ẹni tó gbà á síṣẹ́ ti ṣèlérí ibùgbé, nígbà tó débẹ̀ wọ́n ní ó ti kún. Ó lọ háyà bẹ́ẹ̀dì kan nínú yàrá ẹni mẹ́rin nísàlẹ̀ àfonífojì, aago márùn-ún ìdájí ló ń wọ bọ́ọ̀sì. Ó rí àwọn gbajúmọ̀ yẹn o, láti ẹ̀yìn wíńdò kíṣìnì. Nígbà tó di agbedeméjì oṣù April, àwọn àga orí òkè dúró, iṣẹ́ parí, ó padà wá bá mi ní Denver pẹ̀lú owó tó kù lẹ́yìn rẹ́ǹtì, kò sì tó san oṣù méjì níbí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ bi wọ́n léèrè ibi tẹ́ ẹ máa sùn sí kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé náà.